Lẹ́tà Tí Ẹni Tí Ó Gbà Á Kò Lè Kà: Àríwísí lórí Ìdájọ́ Kan ní Ọsirélíà

Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n fi lẹ́tà kan lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Queensland, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọmọ Afghanistan ni ọkùnrin náà, láti inú ẹ̀yà Hazara. Hazaragi ni èdè abínibí rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, kò sì lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó wà nínú lẹ́tà ọ̀hún ni pé ìjọba ti fagi lé físà tí ó fi ń gbé ní orílẹ̀-èdè náà, àti pé bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ kí wọ́n lè yí ìpinnu yẹn padà, kí ó fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 28. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdájọ́, nítorí pé wọ́n máa ń fi orúkọ àwọn tí ó wá ààbò sá wọ orílẹ̀-èdè náà pamọ́. EFX17 ni wọ́n ń pè é.

Ẹjọ́ yìí gba ilé ẹjọ́ bíi mélòó kan kọjá. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ dá ọkùnrin náà láre. Mínísítà kò gbà, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí High Court. (Kí òǹkàwé má ṣe ṣì í gbọ́: lọ́dọ̀ tiwa, High Court kéré sí Supreme Court, ṣùgbọ́n ní Ọsirélíà òun gan-an ni òpin ẹjọ́.) Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n dá a. Ìdájọ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìdájọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ sì ń fẹ́ kí á gbà pé ohun tí òun sọ bọ́ sí i. Ní kíláàsì lítíréṣọ̀, wọ́n kọ́ wa láti bi òǹkọ̀wé léèrè ohun tí ó sọ, ohun tí kò sọ, àti ìdí tí ó fi dákẹ́ níbi tí ó dákẹ́ sí. N kò rí ìdí tí a kò fi lè bi adájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí ẹjọ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà ní, "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà." Olùkọ́ wa tí ó ń kọ́ wa ní Government máa ń pa òwe yìí nígbàkígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ tí ó sọ pé òfin ni kí ó máa ṣàkóso, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹnì kan. Àwọn ilé ẹjọ́ tí wọ́n jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìlànà yìí: ẹni tí ìpinnu yóò kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, kí ó sì rí àyè fèsì kí ìpinnu tó wáyé. Ní Ọsirélíà, ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni Kioa v West, tí High Court dá ní ọdún 1985. Ará Tonga ni ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àkókò físà ti pé, wọn kò tíì lọ, ìjọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà sílé. Nínú ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ síwájú ẹni tí ó fọwọ́ sí àṣẹ náà, ẹ̀sùn kan wà pé bàbá ìdílé náà ń bá àwọn tí ó ń wá ọ̀nà yẹ òfin ìwọ̀lú sílẹ̀ rìn. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ilé ẹjọ́ ní èyí kò tọ́. Bí èmi ṣe lóye rẹ̀ ni pé, bí o bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ búburú ba ayé ènìyàn jẹ́, sọ ọ́ sí i létí ná, kí ó fèsì. Sọ ọ́ sí i létí. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ di gbólóhùn yẹn mú, nítorí etí ni mo bá dé ibí.

Òfin tí ó mú EFX17 ni abala 501 nínú òfin ìṣíkiri tí Ọsirélíà ṣe ní ọdún 1958. Ní ìparí ọdún 2014, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi ẹ̀ka kan kún un: bí àjèjì kan bá wà lẹ́wọ̀n, tí ilé ẹjọ́ sì ti rán an lẹ́wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí Mínísítà fagi lé físà rẹ̀. Kò sí pé ó ń rò ó wò, kò sí pé ó ń kọ́kọ́ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni náà. Wọ́n yí ètò náà po: ìyà kọ́kọ́ dé, ìbéèrè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí físà bá ti lọ tán ni wọ́n yóò kọ̀wé sí i pé, ó dára, báyìí o lè sọ tìrẹ, ọjọ́ 28 ni o ní. Ọjọ́ 28 yìí kì í sún. Kò sí òṣìṣẹ́ tí òfin fún ní agbára láti fi ọjọ́ kan kún un, ìbáà jẹ́ pé àìsàn ni ó dá ẹni náà dùbúlẹ̀.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà "ìyà" lókè yìí, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ibẹ̀ kò gbà pé ìyà ni. Ní ọdún 2018, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Malta, tí wọ́n gbé dé Ọsirélíà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 3, tí ó sì ti dàgbà síbẹ̀ títí ó fi di bàbá arúgbó, pe ẹjọ́ pé lílé tí wọ́n fẹ́ lé òun yìí jẹ́ ìyà ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. High Court ní rárá, kì í ṣe ìyà, ètò ìjọba lásán ni. Èyí dà bí àríyànjiyàn lórí orúkọ, ṣùgbọ́n nǹkan ńlá ló rọ̀ mọ́ ọn. Bí o bá jẹ́ olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, tí o kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, adájọ́ yóò dúró títí wọn yóò fi wá ògbufọ̀ wá fún ọ. Bí ó bá jẹ́ ètò ìjọba lásán, lẹ́tà ti tó.

Nísinsìnyí, kí ni High Court sọ nípa lẹ́tà EFX17? Ohun méjì, mo sì fẹ́ kí á wo méjèèjì pọ̀, torí ibi tí wọ́n ti pàdé ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní òfin kò fi dandan lé Mínísítà láti ronú lórí bóyá ẹni tí ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí lè kà á, bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá orí rẹ̀ pé, tàbí bóyá ó rí ìrànlọ́wọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òfin ní kí ó "fún" ẹni náà ní ìwé, kí ó sì "ké sí" i láti sọ tẹnu rẹ̀. Ó fún un. Ó ké sí i. Ó parí.

Èkejì, wọ́n ní lẹ́tà náà kò bá òfin mu, nítorí pé kò sọ ọjọ́ tí kíkà yóò ti bẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Lẹ́tà náà ṣàlàyé ọjọ́ 28 bí ẹni pé ímeèlì ni ó fi gbà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ ni wọ́n fi fún un nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ohun tí lẹ́tà náà wí kò ní lè mọ ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò pé gan-an. Nítorí èyí, ìkésíni náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, Mínísítà sì pàdánù.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọkùnrin náà jàre nítorí pé lẹ́tà tí kò lè kà ṣi ọjọ́ kà. Kò jàre nítorí pé kò lè kà á. Bí ẹni tí ó tẹ lẹ́tà náà bá ti kọ gbólóhùn kan yẹn bí ó ti tọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ gaara, ohun gbogbo ì bá ti tọ̀nà lójú òfin, ọkùnrin náà ì bá sì wà níbẹ̀ tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ìwé oúnjẹ ni tàbí ìwé ikú. Bí Mínísítà bá sì tún lẹ́tà mìíràn kọ sí i, kò sí ohun kan nínú ìdájọ́ yẹn tí ó ní kí ó bá a wá ògbufọ̀ kan ṣoṣo.

N kò sọ pé àwọn adájọ́ náà kò mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe yé mi: wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí aṣòfin kọ, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kọ́ ni láti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú abala yẹn fúnra rẹ̀ tí mo rò pé ó tó gbé ẹjọ́ náà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin kò ní kí Mínísítà kàn fún ẹni náà ní ìwé. Ó ní kí ó fún un ní ọ̀nà tí òun Mínísítà bá rí i pé ó yẹ ní ipò tí ọ̀rọ̀ wà. Ipò wo ló tún wà tí ó ju pé ẹni tí mo ń kọ̀wé sí kò gbọ́ èdè tí mo fi kọ ọ́? Bí ènìyàn bá jẹ́ afọ́jú, ṣé a óò ní ipò tí ó wà kò kan ọ̀nà tí a óò gbà fún un ní ìwé? Níbí yìí, mo gbà pé ilé ẹjọ́ ka "ọ̀nà" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa pósítà àti ímeèlì, nígbà tí ó ṣeé kà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn.

Mo tún ronú lórí "ké sí" yìí ní èdè tiwa. Ká má parọ́, Yorùbá náà máa ń sọ pé, "Mo ké sí i, kò gbọ́." Nítorí náà, a lè ké sí ènìyàn kí ó má gbọ́, gírámà wa kò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé gbólóhùn yẹn lẹ́nu ènìyàn. "Mo ké sí i, kò gbọ́, mo bá rán ọmọ lọ." "Mo ké sí i, kò gbọ́, ni mo bá tún ké." Kò sí ẹni tí yóò sọ pé, "Mo ké sí i, kò gbọ́, nítorí náà ó ti kọ̀ láti wá." Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá mi, ìwọ ni yóò bá wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni òfin yìí ṣe ń ṣe: bí ọjọ́ 28 bá kọjá tí ẹlẹ́wọ̀n kò fọhùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ di èsì, ìlẹ̀kùn sì tì. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́ kò jẹ́ di owó ẹyọ àti ìyẹ́ sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ wọn. Kí ni ìránṣẹ́ náà ìbá máa ti ara rẹ̀ lọ́nà fún?

Ẹnìkan lè ní: òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ọ́fíìsì, tí ó ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tí kò gbọ́? Àti pé, ẹlẹ́wọ̀n kan lè máa díbọ́n pé kò yé òun kí ọjọ́ lè sún. Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí á fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n físà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ EFX17 jẹ́ físà ààbò, ìjọba kan náà ni ó sì fún un. Ẹni tí ó gba irú físà bẹ́ẹ̀ ti sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ìjọba rí. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé fáìlì rẹ̀ kò sọ èdè tí ó fi sọ ọ́. Ní ti dídíbọ́n, ẹni tí ògbufọ̀ bá ti ka lẹ́tà sí létí kò tún lè díbọ́n mọ́. Ògbufọ̀ náà gan-an ni yóò pa irọ́ náà.

Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí abala 501 ń mú jẹ́ ará New Zealand, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ni wọ́n lára. Bóyá ìdí nìyẹn tí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì fi dà bí ohun tí ó tó lójú àwọn tí ó ṣètò rẹ̀. Òfin tí a ṣe fún ẹni tí ó pọ̀ jù ni ó máa ń gbàgbé ẹni tí ó kù.

Èyí tí ó sì dùn mí jù ni pé Ọsirélíà kì í ṣe ibi tí ògbufọ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 1973 ni ìjọba wọn ti ní ilé iṣẹ́ ògbufọ̀ orí tẹlifóònù, TIS National ni wọ́n ń pè é lónìí. Ní ọdún 1977, wọ́n dá NAATI sílẹ̀, àjọ tí ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ògbufọ̀ tí ó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Orílẹ̀-èdè mélòó ló ní irú èyí? Tiwa kò ní. Omi wà nínú àmù, wọ́n ní òfin kò fi dandan lé àwọn láti bu fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ṣùgbọ́n kí á ní wọ́n tilẹ̀ mú ògbufọ̀ wá. Ṣé ọ̀rọ̀ parí? Ibí ni àríwísí mi ti kọjá lẹ́tà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1999, Adájọ́ Kenny ní Federal Court ibẹ̀ dá ẹjọ́ ọkùnrin ará Sri Lanka kan tí ògbufọ̀ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Adájọ́ náà ní ìtumọ̀ kò ní láti pé bí ojú afárá, torí kò sí ìtumọ̀ tí ó pé tán, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ péye tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà yóò fi lè sọ tẹnu rẹ̀ ní ti gidi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Adájọ́ yìí wo etí, kò wo ìwé nìkan. Ẹ ṣáà gbé ìdájọ́ 1999 yìí síwájú ti 2021. Nínú ti 1999, wọ́n ké sí ọkùnrin náà, ó wá, ògbufọ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ adájọ́ ní kò tó.

Ní ọdún 2021 kan náà tí wọ́n dá ẹjọ́ EFX17, High Court tún dá ẹjọ́ DVO16, ti àwọn méjì tí ó ń béèrè fún físà ààbò, tí ògbufọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ wọn túmọ̀ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní àṣìṣe ògbufọ̀ nìkan kò tó láti da ìpinnu nù. Ẹni náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé àṣìṣe yẹn ti mú kí àwọn tí ó ṣèpinnu kùnà nínú iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì pàdánù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe kékeré ni ó yẹ kí ó tú ẹjọ́ ká. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé àṣìṣe wà? Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò gbọ́ ohun tí ògbufọ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òṣìṣẹ́ kò gbọ́ ohun tí ẹni náà sọ kó tó di pé ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá yẹn ló gbọ́ méjèèjì, òun náà ló ṣe àṣìṣe. Àfi bí a bá rí ògbufọ̀ mìíràn tí yóò tún gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí sì ń náni lówó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tí kò kàwé ni mò ń sọ. Mo gbé e wò lórí Yorùbá, èdè tí mo gbọ́ jù. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ bi ènìyàn wa kan pé, "Ṣé ẹ kò padà sí ìlú yín láti ìgbà tí ẹ ti sá kúrò?" Bí kò bá tíì padà, yóò dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," ìyẹn ni pé òótọ́ ni ẹ sọ, n kò padà. Ògbufọ̀ tí ó bá yára túmọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" sí "yes" ti sọ ọ́ di ẹni tí ó padà sílé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń dáhùn. Òṣìṣẹ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin tí ó ní ẹ̀rù ilé ń ba òun yìí ti lọ sílé ó ti bọ̀. Ká tún sọ pé obìnrin kan ń sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣe fún un. Yóò ní, "Wọ́n nà mí, wọ́n lé mi jáde." Ọ̀wọ̀ ló mú kí ó sọ "wọ́n," ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú òṣìṣẹ́, wọ́n ti di agbo jàǹdùkú. Lọ́jọ́ mìíràn, ògbufọ̀ mìíràn yóò túmọ̀ rẹ̀ sí ẹnì kan, wọn yóò sì ní ìtàn rẹ̀ kò bára mu. "Ẹ̀gbọ́n" náà kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, "ó" kò sọ ọ́, "àbúrò" sì lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tàbí ọmọ àbúrò bàbá ẹni. Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo èyí. Yorùbá tí ó dán mọ́rán ni.

Mo máa ń bá ìyá ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé dókítà tí ó ń rí wọn kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà kan dókítà bèèrè láti ìgbà wo ni ara wọn kò ti yá. Màmá dáhùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta: òòyì tí ó kọ́ wọn lọ́jà Ọjọ́bọ̀, orí tí ó ń wúwo, oorun tí kò wá, ìwé tí wọn kò rí gbà lọ́wọ́ ọmọ wọn kan. Dókítà kọjú sí mi, ó ń retí òǹkà ọjọ́. Àgbàlagbà méjì ń wo ẹnu mi, ẹ̀mí ọ̀kan nínú wọn sì wà níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú dókítà ti ń ro. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó kàn gbọ́ èdè méjì. Tí ó bá sì rí báyìí nílé ìwòsàn, níbi tí dókítà fẹ́ kí ara Màmá yá, báwo ni yóò ti rí níwájú òṣìṣẹ́ tí ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ kò ti bára mu?

Ó yẹ kí n wo ilé tiwa pẹ̀lú, kí ó má dà bí ẹni pé ẹrù ẹlòmíràn nìkan ni mò ń tú. Abala 36 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní èdè tí ó yé e, àti pé bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni: "ní èdè tí ó yé e." Àwọn tí ó kọ ọ́ mọ irú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan ni abala kékeré yẹn dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni ìjọba kọ sí àjèjì kan níbí láti lé e lọ, abala yẹn kò sọ èdè tí wọn yóò fi kọ ọ́. Ihò kan náà ni òfin wa àti tiwọn jọ ní.

Èwu tí ó wà nínú ihò náà kò kéré. Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ náà ní ọdún 2021, ẹni tí wọ́n bá gba físà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà, bí ó bá parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àtìmọ́lé mìíràn ni òfin ní kí wọ́n mú un lọ títí wọn yóò fi lè dá a padà. Fún ọmọ Hazara, Afghanistan ni ìpadà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́ tí mò ń sọ yìí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn Taliban gba Kabul. Ọkùnrin náà dẹ́ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n, n kò sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú lẹ́tà yẹn wúwo ju ẹ̀wọ̀n lọ.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kò le. Kí àwọn aṣòfin kọ ọ́ sínú abala yẹn pé ọjọ́ 28 kò ní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n ní ìwé, bí kò ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé ìwé náà fún un ní èdè tí ó gbọ́. Kí òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n gbé tẹlifóònù, kí ó pe ògbufọ̀ tí ó ti yege ìdánwò, kí ògbufọ̀ ka lẹ́tà náà láti òkè dé ilẹ̀. Kí wọ́n gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì fún ẹlẹ́wọ̀n náà ní ẹ̀dà rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un gbọ́ bí àríyànjiyàn bá dé. Kí ògbufọ̀ bi í bóyá ó yé e, kí ó sì ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún ohun tí ó gbọ́ sọ, torí "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan kò tó. Bí ẹlẹ́wọ̀n náà bá wá ní òun kò ní ohunkóhun láti sọ fún Mínísítà, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní Hazaragi, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.